Ọ̀nà Omi Tí Bàbá Mi Fẹ́ Gbà Lọ Sílé

Ọdún tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ kọjá ní Mowe ni bàbá mi sọ fún mi pé òun fẹ́ gba orí omi lọ sílé. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìfọ̀, òun jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé, ó kọ ojú sí ibi tí ìró omi ọṣẹ ti ń wá.

"Orí omi wo, Bàbá?"

"Odò Ògùn. Láti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta títí dé Ìbafò. Lórí igi, bí a ti máa ń ṣe é."

Mo ti jí láti ìdájí, aṣọ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló wà níwájú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni mo fẹ́ jù láyé, oorun ni ǹ bá sọ.

Olùkọ́ ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì mi débi pé orí sìmẹ́ńtì ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń jókòó sí, tí mo bá sì fi máàkì ìwé gbogbo wọn tán, ọwọ́ ọ̀tún mi a wú. Mo tún ní ọmọ mẹ́ta nílé. Ọkọ mi ń wa katapílà fún àwọn tó ń la ọ̀nà náà. Inú àgọ́ wọn ní Mowe ló ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. Ojú bàbá mi sì ti ṣú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ń mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, ó ń rí òjìji ènìyàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ mú un kúrò ní abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Ìbafò wá sọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ omi ló ṣe kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Láyé ìgbà náà, tí àwọn onígẹdú bá gé igi ńlá nínú igbó òkè, wọn kì í wá mọ́tò tí yóò gbé e. Wọ́n á yí i sínú odò lásìkò òjò, wọ́n á fi okùn dì í mọ́ra bí ẹní, ọkùnrin méjì á dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n á máa tọ́ ọ lọ títí dé Èkó. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ibi tí odò ti ń sáré já láàrin òkúta, tí omi ń ho funfun. Wọ́n ń pe ọ̀kan nínú irú ibẹ̀ ní Kúnlẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè nàró lórí igi tó bá dé ibẹ̀.

Bàbá mi kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ilé ìwé dé, mo bá a tó ń lọ́ okùn. Ó ti bẹ àgbẹ̀ kan ládùúgbò kó bá òun gé okùn igbó wá; ó tú u sí fọ́nrán, ó ń lọ́ ọ lórí itan. Lọ́jọ́ kejì, okùn náà ni mo tún bá níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Nígbà tí oṣù fi parí, okùn tí ó ká jọ sílẹ̀ ga tó odó. Kò bẹ̀ mí, kò rojọ́ fún mi. Bí ó bá ti bẹ̀ mí, ǹ bá ti sọ pé rárá, kí n sì simi.

"Bàbá," mo bi í níjọ́ kan, "ta ló máa wá dúró níwájú?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi kó sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. "Ẹnìkan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ló ṣì wà láyé. Ìbafò ló wà."

Mo mọ ẹni tó ń wí. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ lórí omi kí wọ́n tó bí mi. Ìgbà tí mo wà ní sitándáàdì fọ́ọ̀ ni wọ́n ti kí ara wọn gbẹ̀yìn. Lọ́dún náà, àbúrò ọkùnrin yìí bá wọn lọ, ìdì igi wọn dojú dé ní Kúnlẹ̀, ọmọkùnrin náà sì bá omi lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Bàbá mi sọ pé ọwọ́ òun kò tó o. Ẹnìkejì rẹ̀ sọ níwájú gbogbo ẹbí pé ọwọ́ tí kò bá tó, ara ni èèyàn máa ń fi kún un. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ parí láàrin wọn. Abúlé wọn kò jìnnà síra, síbẹ̀ tí ọ̀kan bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, èkejì á yà sínú oko.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ bá wọn?"

"Mi ò rán ẹ," ni bàbá mi wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ okùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò láti Ìfọ̀ lọ sí Òkè-Àró, mo fẹsẹ̀ rìn dé etí odò, ọlọ́kọ̀ kan tù mí sódì kejì, mo sì tún rìn gba àárín oko Magboro títí mo fi dé Ìbafò. Oko ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ mi ti wú nígbà tí mo débẹ̀. Bàbá náà ń hun ìgèrè ẹja lábẹ́ igi ọsàn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí títí.

"Ojú bàbá rẹ lo gbé wá yìí," ló wí. Ó ní kí wọ́n gbé omi àti ẹja gbígbẹ wá fún mi.

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ń hun ìgèrè rẹ̀ lọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

"Òun ló rán ẹ?"

"Wọ́n ní àwọn ò rán mi, sà."

"Kò rán ẹ. Ó dáa. Èmi náà ò sì rán ẹ sí i. Jẹ ẹja rẹ, kí o tètè máa lọ, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá ẹ lọ́nà."

Mo rìn padà. Mo bú ara mi láti etí odò títí dé Ìfọ̀. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó kàn ní kí n wá joko, ó sì fi omi gbígbóná tí òun fúnra rẹ̀ gbé kaná rọra fọ ẹsẹ̀ fún mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti kékeré. Bóyá nítorí ìyẹn ni mo ṣe tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá Ìbafò kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé bàbá rẹ máa ń dárúkọ àbúrò mi?"

Mo ronú irọ́ tí mo lè pa. Ó rẹ̀ mí jù láti pa á. "Rárá, sà. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń ní kí n dín àkàrà, kí n pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò ní sàráà. Tí mo bá bi wọ́n pé nítorí ta ni, wọ́n á ní kí n lọ bu omi wá."

Bàbá náà fi ọ̀bẹ la pákó ọparun kan, ó tún la òmíràn. Nígbà tó yá, ó béèrè láìgbójú sókè: "Igi mélòó ló ní òun fẹ́ lò?"

Báyìí ni ètò ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, orí mi ni gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí. Mo ra ìwé ẹ̀kọ́ kan, mo ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú rẹ̀. Bàbá mi ní igi mẹ́sàn-án. Mo gbé e lọ sí Ìbafò. Bàbá Ìbafò ní mẹ́sàn-án kò ní lè yí láàrin òkúta, pé méje ni. Mo gbé e padà wá sí Ìfọ̀. Bàbá mi ní kí n sọ fún un pé méje ni wọ́n fi lọ lọ́dún tí wọ́n sọ oúnjẹ nù, ṣé ó ti gbàgbé ni. Mo gbé ìyẹn náà lọ. Wọ́n jiyàn lórí irú igi tó léfòó dáadáa. Wọ́n jiyàn lórí ibi tí a ó gbé sùn, lórí gígùn ọ̀pá, lórí bí omi ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kí ó tó bo eyín àwọn òkúta. Àgbà méjì tí kò ju odò kan lọ láàrin wọn, èmi ni wọ́n fi ń ṣe ẹnu. Lẹ́yìn oṣù kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń rán mi ti ń gùn ju bó ti yẹ lọ, pé ọ̀kan nínú wọn lè jí láàárọ̀ kó rántí àríyànjiyàn tuntun tayọ̀tayọ̀. Èmi kò yọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa wọlé nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó bá mi níbi tí mo ti sùn lọ lórí àga, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, tí gbogbo kíláàsì sì ń wò mí láìmí, kí wọ́n má baà jí mi.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti Mowe, ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí tábìlì oúnjẹ.

"Ẹrù wo lẹ fẹ́ gbé dé Ìbafò?" ló bi mí.

"Kò sí ẹrù."

"Kò sí ẹrù. Ẹ fẹ́ gbé igi kọjá lórí òkúta láìsí ẹrù." Ó ti ìwé náà. "Afọ́jú kan àti arúgbó kan. Ta ló máa jẹ́ ojú fún Bàbá?"

Ó wò mí, ó sì mọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "o ò mọ omi í wẹ̀."

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún wálé, ó gbé rọ́bà inú táyà ńlá mẹ́rin wá láti àgọ́ wọn, àwọn tí wọ́n ti lẹ̀, tí wọ́n sì ti kó dànù. Ó ní kí wọ́n fún un ní atẹ́gùn, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, bí igi bá tú, kí n di ọ̀kan mú, kí n má jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ pa á lára, ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀. "Sọ fún un ní Ìbafò pé ọkọ rẹ fẹ́ ká gun táyà." Bàbá Ìbafò ránṣẹ́ padà pé òun kò gun nǹkan tó ń rùn bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo tún fi máa lọ, ó ti fi okùn wọn ibi tí yóò so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Ọlidé oṣù kẹsàn-án la fi sí. Ọlidé dé, bàbá Ìbafò ní omi ṣì pupa, ká dúró. A dúró ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ká tún dúró. Nígbà tí iṣẹ́ dé pé omi ti dáa, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ilé ìwé wọlé. Mo kó àwọn ọmọ fún aládùúgbò wa, ọkọ mi bá wa gbé okùn àti rọ́bà dé ìdíkọ̀ rélùwéè, èmi àti bàbá mi sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Abẹ́òkúta.

Bàbá Ìbafò ti ṣáájú wa dé etí odò, ó ti jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà níbẹ̀ yí igi sómi. Mẹ́jọ ni mo kà. Kò kí bàbá mi, bàbá mi náà kò kí i. Bàbá mi wọ inú omi dé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn rẹ̀ di igi. Ẹnìkejì ń tẹ̀ lé e, ó ń wo kókó kọ̀ọ̀kan. Ó tú ọ̀kan, ó tún un dì. Bàbá mi padà wá fọwọ́ kan ibẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Ìbafò wà níwájú, bàbá mi wà lẹ́yìn, èmi wà láàárín pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ, mò ń sọ ohun tí mo bá rí: igi wó sínú omi lọ́wọ́ òsì, òkúta lọ́wọ́ ọ̀tún. Omi rọra ń gbé wa. Nígbà tí oòrùn ga, mo gbọ́ ìró kan níwájú, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń lọ ata lẹ́ẹ̀kan náà. Kúnlẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a kọ sínú ìwé ni pé a ó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ṣùgbọ́n bàbá Ìbafò ti ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó darí igi sí èbúté.

"Sọ fún bàbá rẹ kó sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kó fi ibẹ̀ hàn mí."

Mo di bàbá mi lọ́wọ́ mú, a rìn lórí àpáta títí a fi dé òkè ibi tí omi ti ń ho. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Bàbá mi ní kí n wá òkúta kan tó la sí méjì. Mo rí i, mo sọ fún un.

"Sọ fún un pé ibẹ̀ ni igi ti yí," ni bàbá mi wí. Ẹnìkejì rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ kan lọ. "Sọ fún un pé igi gbá a lórí, kò sì mọ nǹkan kan mọ́. Apá ọ̀tún ni omi gbé e lọ. Apá òsì ló gbé àbúrò rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀ ń ké pè mí. Òun tí igi gbá kò ké, ó ti ń rì. Mi ò lè lọ sí apá méjèèjì."

Mo la ẹnu láti tún un sọ. Bàbá Ìbafò gbé ọwọ́ sókè.

"Mo gbọ́ ọ."

Ó jókòó sórí àpáta. Ó wo omi náà títí tí n kò fi mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí bàbá mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn.

"O ní ọwọ́ rẹ kò tó o."

"Kí ni kí n sọ? Pé ìwọ ni mo yọ? Ṣé o máa jẹun mọ́?"

Bàbá Ìbafò dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ó ní kí èmi gba orí ilẹ̀, pé òun kò ní ru ẹrù ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Mo ní ta ni yóò ṣe ojú fún bàbá mi. "Èmi," ló wí. Wọ́n bọ́ fìlà àti bàtà wọn fún mi, wọ́n sì padà sórí igi.

Mo dúró lórí àpáta, mo rí wọn bí wọ́n ṣe wọ inú funfun yẹn. Ohùn bàbá Ìbafò ń kù lórí omi: "Ọ̀tún! Ọ̀tún! Òsì! Kúnlẹ̀!" Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Imú igi náà rì, ìdí rẹ̀ gòkè, wọ́n rá mọ́ mi lójú nínú ìfófòó, rọ́bà kan bẹ́ pẹ̀lú ìró bí ìbọn. Mo kígbe. Nígbà tí mo tún rí wọn, wọ́n ti wà nísàlẹ̀, igi ti fẹ̀gbẹ́ sí omi, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló wà lórí rẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pẹ́ kí n tó bá wọn, nítorí etí odò náà kún fún igbó àti òkúta, mo sì ru ìkòkò oúnjẹ lórí. Wọ́n ti fa igi sórí iyanrìn. Bàbá Ìbafò ń fún omi kúrò lára aṣọ bàbá mi, wọ́n sì ń jà.

"Òsì ni mo pè!"

"Ọ̀tún lo pè. Ojú ni kò sí, etí mi pé."

Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo jókòó, mo sì sunkún. N kò ní parọ́ pé ayọ̀ ni. Ó rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó rẹ̀ mí fún ọdún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sọdá odò. Wọ́n ṣíwọ́ ìjà. Bàbá mi ní kí ẹnìkejì òun bu oúnjẹ fún mi, ó sì bù ú.

Abà apẹja kan la sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, omi ti tẹ́jú, kò sí òkúta mọ́. Mo dùbúlẹ̀ lórí igi láàrin àwọn rọ́bà tó kù, mo ní kí n kàn di ojú díẹ̀. Nígbà tí mo là á, ìdí igi ti kan ilẹ̀ lápá Ìbafò, àwọn èèyàn dúró létí odò, wọ́n ń wò wá tìyanu-tìyanu. Gbogbo kọ́nà tí mo kọ sínú ìwé, gbogbo abúlé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jiyàn, mo sùn kọjá wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, bàbá mi di ọwọ́ mi mú. "Màá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀," ló wí. "Má bínú."

Mo ní n kò bínú. Inú mi dùn, ó sì tún dà bíi pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí, nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó lóṣooṣù. Kò tún rán mi níṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi nìkan ni mo tún rìn gba oko Magboro padà lọ́jọ́ náà, tí mo wọkọ̀ sódì kejì, tí mo wọ mọ́tò ní Òkè-Àró dé Ìfọ̀. Ọkọ mi ti gba ààyè wálé, ó ti lọ kó àwọn ọmọ. Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí Bàbá, mo ṣàlàyé. Ó kó oúnjẹ síwájú mi.

"Orí omi wá ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

"Mo sùn," mo dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ tí mo jẹ tán, ó lọ fọ̀ ọ́. Ilé ìwé máa wọlé lọ́la. Mo mú rẹ́jísítà táàmù tuntun jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rúlà fa ìlà sí i.